Ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi: irú òpó wo ni kí n ri síwájú rẹ̀?

Oníkẹ́míìsì Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ṣọ́ọ̀bù oògùn mi wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan níbí ní Ìbàdàn, níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà sọ́tùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bàbá kan ra oògùn tán, ó wọ ọkọ̀, ó rò pé òun ti fi jíà sí rífáàsì, àṣé iwájú ló fi sí. Ó tẹná. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, imú Corolla ti wà nínú ilé, dígí kọ́ńtà ti fọ́ yángá. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà máa ń jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́bàá kọ́ńtà yẹn látàárọ̀ dalẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì ni. Abẹ́ táyà la ti fa àpótí rẹ̀ jáde.

Bàbá náà ti ra dígí padà, kò sí ìjà láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ tí ọkọ̀ tẹná níta báyìí, àyà mi á já. Bíríkìlà ní ká to táyà mẹ́rin, ká rọ kankéré sínú wọn. Wẹ́dà àdúgbò ní òun á fi páìpù géètì ṣe òpó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mọ fẹ́ńsì bo gbogbo iwájú; ibo ni aláìsàn yóò wá gbà wọlé? Iwájú ṣọ́ọ̀bù náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Láti ara ògiri dé gọ́tà, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni. Kí ni kí n ṣe?

Wẹ́dà Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu, Màmá. Ọlọ́run tó yọ ọmọ yẹn yóò máa yọ wá. Iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe, ó ti tó ọdún 19. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páìpù géètì ṣe é. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ara rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà 2 lọ. Tí ọkọ̀ bá gbá a, á tẹ̀, ọkọ̀ á sì gun orí rẹ̀ kọjá.

Páìpù tí ẹ máa béèrè ni íńṣì 6 tó nípọn, èyí tí àwọn tó ń ta irin ń pè ní “schedule 40”. Etí rẹ̀ nípọn tó mílímítà 7. Íńṣì 4 irú kan náà wà, mílímítà 6 ni tiẹ̀, ó lè tó fún ibi tí ọkọ̀ ti ń rọra rìn. Ẹ mú rúlà lọ sọ́jà, kí ẹ fúnra yín wọn etí rẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bó bá kàn dógùn-ún lójú, kò burú, a ó ha á. Bó bá ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Odidi páìpù kan jẹ́ mítà 6. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń gé e sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mítà 2: mítà kan á wọlẹ̀, mítà kan á yọ sókè. Mo máa ń lu ihò sí ìdí rẹ̀ tó máa wọlẹ̀, kí n ti rọ́ọ̀dù mílímítà 12 méjì gbà á kọjá ní àgbélébùú, kí n sì jó o pọ̀. Kankéré á di rọ́ọ̀dù yẹn mú, òpó ò ní yí, kò sì ní fà tu. Ọ̀kan ṣoṣo wúwo tó kílò 56, àgbà méjì ni kó gbé e.

Ẹnjiníà Ìkọ́lé

Ẹ kú ìyọnu, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ wẹ́dà dáa gan-an. Àmọ́ kí ẹ tó ra irin kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ dá dúró. Nínú ohun tí ẹ kọ, ewu méjì ni mo rí. Ọ̀kan ni oníbàárà tó ń páàkì tó ṣi jíà tàbí tó fi ẹsẹ̀ tẹná dípò bírékì. Èkejì ni ọkọ̀ tí bírékì rẹ̀ kò mú mọ́ tó ń ti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń kọlu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Òpó tó dá Corolla dúró lórí eré kílómítà 15 ní wákàtí lè má já mọ́ nǹkan kan lójú danfo tó ń bọ̀ lórí 60.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń dán méjèèjì wò. ASTM F3016 ni ti iwájú ṣọ́ọ̀bù: ọkọ̀ tó wúwo tó pọ́n-ùn 5,000 ni wọ́n fi ń gbá òpó, lórí eré máìlì 10, 20 tàbí 30. ASTM F2656 ni ti ibi tó nílò ààbò ńlá: wọ́n lè fi ọkọ̀ akẹ́rù pọ́n-ùn 15,000 gbá a lórí eré máìlì 30, 40 tàbí 50. Òpó tí a bá ṣe ládùúgbò kò ní ìwé ẹ̀rí kankan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àmọ́ fún ẹni tó ń páàkì tó ṣìṣe, bí ìdí rẹ̀ bá dáa, ó lè gba ẹ̀mí là. Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹ bá ẹgbẹ́ onílé sọ̀rọ̀ kí wọ́n lọ béèrè fún bọ́ǹpù lókè, torí eré yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ pa.

Ẹ má to táyà o. Táyà tí a rọ kankéré sí kò so mọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ á tì í síwájú, táyà náà ni yóò kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ á tẹ̀lé e. Bákan náà ni ìkòkò òdòdó ńlá àti dúrọ́ọ̀mù tí a kó yanrìn sí. Wọ́n dáa láti fi han awakọ̀ pé kó má gbabí, wọn ò dáa láti fi dá a dúró.

Ẹnjiníà Ìkọ́lé

Mo gbàgbé ti ihò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ń wo òpó, ohun tó yọ sókè ló ń rí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kí ihò fẹ̀ tó íńṣì 18, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Páìpù wẹ́dà jẹ́ mítà kan nínú ilẹ̀, nítorí náà kankéré ṣì máa kù lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Bíríkìlà fẹ́ràn kí ẹnu ihò fẹ̀, kí ìsàlẹ̀ sì rí ṣóńṣó, torí ó rọrùn láti gbẹ́. Ẹ má gbà fún un. Ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó òkè, bó bá tilẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ó dáa.

Kankéré ọ̀kan-méjì-mẹ́rin: sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀ á tó fún òpó kan, pẹ̀lú èyí tí a máa rọ sínú páìpù fúnra rẹ̀. Ẹ fi rọ́ọ̀dù máa gún un bí ẹ ṣe ń rọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ rọ orí rẹ̀ kó yọ bí ìdajì ọsàn, kí omi òjò má dúró lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpò tútù fún ọjọ́ 7, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ 28 ni agbára kankéré ń pé, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ fara tì í ṣáájú ìgbà náà.

Oníkẹ́míìsì Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Báwo ni òpó kan ṣe máa jìnnà sí èkejì? Àti pé ṣé mo lè fi ìdákọ̀ró irin dè é mọ́ orí sìmẹ́ńtì tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí n má bàa gbẹ́lẹ̀? Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ tó ní pẹpẹ nídìí wá fún mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Àǹtí, ẹ kú àjàbọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ní London ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpó yìí sì wà lára ohun tí à ń rì, tí à ń tu, tí à ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Àlàfo tí a ń lò níbi tí a kò bá fẹ́ kí ọkọ̀ kọjá kì í ju mítà 1.2 lọ, láti ara òpó kan dé ara èkejì. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ara dé ara, kì í ṣe láti àárín dé àárín. Corolla fẹ̀ tó mítà 1.7. Kẹ̀kẹ́ Márúwá fẹ̀ tó 1.3, òun náà kò ní lè gbabẹ̀. Ọ̀kadà á kọjá, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Fún ẹsẹ̀ bàtà 20 yín, òpó 5 á tó. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 40 sílẹ̀ ní ìkángun méjèèjì, kí ẹ pín ìyókù dọ́gba. Àlàfo á jẹ́ bíi mítà 1.1. Páìpù 2 á fún yín ní gígé 6, ọ̀kan á kù. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ti onípẹpẹ: ó dáa níbi tí kankéré ilẹ̀ bá nípọn gan-an. Orí sìmẹ́ńtì tín-ín-rín tàbí orí íńtálọ́ọ̀kì, bóòtù rẹ̀ á fà tu pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Mo ti rí i tó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ nítorí ọkọ̀ tó rọra fi ẹ̀yìn kàn án lásán.

Ẹ má sì jẹ́ kó kúrú jù. Òpó tó dé orúnkún nìkan, awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn kò ní rí i. Mítà kan tí wẹ́dà sọ dára. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò, kí ẹ sì fi téèpù tó ń tan bí iná bá kàn án yí ọrùn rẹ̀ ká.

Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré ni òpó wọ̀nyí, kó rántí Glasgow. Ní 30 oṣù kẹfà 2007, wọ́n wa jíìpù tó kún fún sílíńdà gáàsì lọ kọlu ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Òpó ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ náà há sí, kò ráyè dé àárín èrò.

Ọmọ Màmá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fún àlàfo yẹn pọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ìyá mi kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ la fi ń tì wọ́n. Báńkì kan wà ládùúgbò wa tó ri òpó síwájú, ó fún wọn pọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ ò lè kọjá. Lọ́jọ́ tí a lọ gba owó ìfẹ̀yìntì wọn, mo tì wọ́n láti òpó àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, mo ń wá ibi tó fẹ̀ díẹ̀. Kò sí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n gbé wọn. Mo gbé ìyá mi lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì fi gèlè bo ojú wọn títí a fi wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bá mi lọ sí báńkì mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ ní, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, aláìsàn ni, arúgbó ni, aboyún ni. Kí àlàfo má dín sí sẹ̀ǹtímítà 90 láéláé. Mítà 1.1 tí wọ́n sọ yẹn, kẹ̀kẹ́ ìyá mi á kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀nà tó gba àárín wọn tẹ́jú dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bí àlàfo bá fẹ̀ tán tí àtẹ̀gùn ìgbésẹ̀ kan sì dúró níwájú rẹ̀, ibi kan náà la ṣì wà.

Oníkẹ́míìsì Ìbàdàn

Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka èyí. Ẹ bá mi kí Màmá. Ìgbésẹ̀ kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi lóòótọ́, n kò tíì rò ó rí. Màá ní kí bíríkìlà tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Omi Ò Gbẹ

Ohun kan tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà: kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn? Iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo, ihò kẹta ni bíríkìlà wà tó fi gún páìpù bọ́ọ̀hò aládùúgbò. Omi tú síta bí ìsun. Ọjọ́ méjì ni ilé mẹ́rin fi pọn omi láti ibòmíràn, ìjà tó sì ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ bi gbogbo onílé tó wà lọ́tùn-ún lósì ibi tí wọ́n gba páìpù omi àti wáyà iná wọn. Ẹ wò ó bóyá òpó kékeré tàbí àmì àwọn onífóònù wà nítòsí, torí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọn kì í jìn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má ju dígà.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú àpérò. Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ńkọ́? Bí títì yẹn bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá rẹ̀ lè má jẹ́ tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń gbá a láràárọ̀. Ẹ yọ ìwé ilẹ̀ láńlọ́ọ̀dù wò, kí ẹ ri òpó sínú ààlà. Ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ ìjọba, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà, wọ́n á hú u láì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa ní Èkó, LASPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ páàkì, a máa ń lọ bi wọ́n kí a tó ṣe ohunkóhun lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo tún ní ìbéèrè. Ẹ̀sítéètì wa ní Lẹ́kì fẹ́ ra òpó tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná gòkè sọ̀kalẹ̀ fún ẹnu géètì. Ṣé ó dáa?

Ẹnjiníà Ìkọ́lé

Ẹ̀gbọ́n, ní Lẹ́kì, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Inú kòtò ni òpó yẹn máa ń sọ̀kalẹ̀ sí, kòtò náà sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí omi máa gbà jáde. Ní Lẹ́kì, bí a bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná: bí iná bá lọ tí òpó wà lókè, báwo ni ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù ní òru ṣe máa jáde?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Orleans kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 2017 ni wọ́n ri òpó tó ṣeé gbé kúrò sójú òpópónà Bourbon. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n máa ń jù síta nígbà ọdún Mardi Gras kó sínú ojú irin tó ń gbà rìn, ó há. Lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní 2025 tí ọ̀daràn kan wa ọkọ̀ wọ àárín èrò níbẹ̀ tó sì pa èèyàn 14, ẹnu pé wọ́n ń pààrọ̀ àwọn òpó náà ni wọ́n wà. Ìlẹ̀kẹ̀ lásán o. Ẹ wá wo iyanrìn, ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti ewé tó ń wọ́ lẹ́nu géètì wa.

Ẹ ra èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́wọ́: ihò rẹ̀ ní ìdérí, òpó rẹ̀ ṣeé fà yọ. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, kí òmíràn wà lọ́wọ́ yín, kí àwọn panápaná àdúgbò sì mọ ibi tó wà.

Ará Houston

Mo ń bójú tó ilé ìtajà kan lẹ́bàá ilé epo níhìn-ín. Òpó tó wà níwájú wa, olè ló mú ká ri í. Wọ́n máa ń fi ọkọ̀ wọ ilé láti fi ṣéènì wọ́ ẹ̀rọ ATM jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti ọ̀rá líle tí wọ́n ń fi wọ òpó bí ìbọ̀sẹ̀. Ó dùn ún wò, kò sì béèrè ọ̀dà. Àmọ́ omi máa ń gbabẹ̀ wọlé. A bọ́ ti ọ̀kan lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìdí páìpù níbi tó ti pàdé ilẹ̀ ti dógùn-ún wọnú. Ibẹ̀ gan-an ni òpó ti ń kú. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà pupa tí í dènà ìdógùn-ún kí ẹ tó ri í, kí ọ̀dà náà wọlẹ̀ tó íńṣì mẹ́fà, kí kankéré ìdí rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ kí omi máa ṣàn kúrò.

Òpó onírọ́bà tó ń tẹ̀ tó ń dìde, ti àmì ọ̀nà nìkan ni. Kò lè dá ọkọ̀ kankan dúró. Bí ẹ bá sì ní jẹnẹrétọ̀, sílíńdà gáàsì tàbí ẹnu bọ́ọ̀hò nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń yà sí, ẹ fi òpó yí àwọn náà ká. Gígé kẹfà yín ti ríṣẹ́.

Oníkẹ́míìsì Ìbàdàn

Mo ti padà dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí. Páìpù íńṣì 6 la rà, tòkúnbọ̀. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, mílímítà 4 ni rúlà sọ, mo ní kí wọ́n dá a padà. A ri 5 síwájú, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ògiri kí a má bàa jìn mọ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ọkọ̀ kékeré ṣì ráyè páàkì láì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yọ sórí gọ́tà. Ẹ̀kẹfà wà níwájú jẹnẹrétọ̀. Nínú ihò kejì a bá páìpù omi àtijọ́ kan pàdé, onírin, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ la fi ń gbẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi fọ́. A sún òpó yẹn síwájú ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré. Lánàá, ọkùnrin kan ti ìyá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọlé tààrà, kò dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ onílé ti kọ lẹ́tà lórí bọ́ǹpù, a ṣì ń retí èsì.

Ọmọbìnrin mi kò jókòó lẹ́bàá kọ́ńtà ní gbogbo ìgbà tí àpò tútù wà lórí òpó. Inú lọ́hùn-ún ló máa ń wà. Nígbà tí ọjọ́ 28 pé, ó jáde lọ, ó fi èjìká ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó tún fi ẹsẹ̀ gbá èyí tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí tuntun rẹ̀ padà síbi tó máa ń wà.